Ọ̀rọ̀ Àyálò àti Ẹni Tí Ó Ni Ín



Ní ọjọ́ ìsinmi kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn tí a jáde ìsìn, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tọ́ka sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Àwọn méjì yìí ni mò ń ship." Bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa, ẹni tí ó ti ń ṣòwò ní Lọ́kọ́jà láti ìgbà èwe rẹ̀, yí ojú padà, ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ wo ni ó gúnlẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọkọ̀ ńlá lórí odò Ọya." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí mò ń wí ni pé ó wù mí kí àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn." Bàbá béèrè ibi tí ó ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn tí ń wo Big Brother Naija ni.

Èmi tí mo ti kà díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà ni mo la ẹnu mi. Mo sọ ibi tí ó ti wá fún Bàbá. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn ní ọjọ́ náà. "Akọ̀wé," ni ó wí, "ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹnu tí ó kọrin ìyìn ní òwúrọ̀ máa fi ọ̀rọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣeré ní ọ̀sán?" Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ojú ìwé yìí.

Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Ọba fẹ́ràn eré tẹlifíṣọ̀n kan tí à ń pè ní Star Trek. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn tiwọn, nínú èyí tí ọkùnrin méjì inú eré náà, Kirk àti Spock, fẹ́ràn ara wọn bí ọkọ ti ń fẹ́ aya. Wọ́n ń tẹ ìtàn wọ̀nyí sínú ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1990 sí i, àwọn olólùfẹ́ eré mìíràn, The X-Files, ń jiyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ó yẹ kí ọkùnrin àti obìnrin tí ó jẹ́ olórí eré náà di olólùfẹ́. Àwọn tí wọ́n ní ó yẹ gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà relationship kúrú, wọ́n fi ìrù rẹ̀ ṣe orúkọ. Ibẹ̀ ni ship ti jáde. Ọkùnrin àti obìnrin ni tiwọn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú oko tí àwọn obìnrin Star Trek ti ro sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin, àti obìnrin tí ọkàn wọn ń fà sí obìnrin, ti rí ibi tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Ìgbà tí ó fi di ọdún 2018, tí Teddy A àti Bambam wọ ilé Big Brother Naija, àwọn tí ń wò wọ́n ti so orúkọ méjèèjì pọ̀ di BamTeddy. Àwọn méjèèjì sì ṣe ìgbéyàwó ní 2019. Ta ni ó tún rántí Kirk àti Spock níbẹ̀?

Slay náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ń tajà ní ìlú yìí. Bí obìnrin bá wọ léèsì tí ó bá a mu, ẹni tí ń tà á fún un yóò ní, "Ìyá, ẹ slay o!" ọjà á sì tà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, òun ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì fi sọ bí Dáfídì ti pa Gòláyátì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ Dáfídì ni a ti gba èyí tí à ń sọ ní ọjà. Ní New York, pàápàá ní Harlem, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ àwọn tí ń sọ èdè Spain máa ń pàdé ní alẹ́ láti wọ aṣọ ẹ̀yẹ, kí wọ́n sì bá ara wọn díje. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òbí ti lé jáde nítorí pé wọn kò fẹ́ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń fẹ́, tàbí nítorí pé ọkùnrin ni wọ́n tí wọ́n ń wọ aṣọ obìnrin. Nítorí náà wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní ilé, wọ́n sì pe olórí ilé ní ìyá. Ẹni tí kò ní ìyá ni ó ń wá ìyá. Fíìmù kan tí à ń pè ní Paris Is Burning fi wọ́n han ayé ní 1990. Ẹnà wọn bọ́ sọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ olórin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Beyoncé fi ọ̀rọ̀ yìí sínú orin rẹ̀ Formation ní 2016, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo pè é ní ẹnà, nítorí pé Yorùbá mọ ẹnà. Ọmọdé ń fi ẹnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí àgbà má baà gbọ́, ọlọ́jà ń fi ẹnà bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ níwájú oníbàárà. Ẹni tí ó bá ní ohun tí ó ń bò ni ó ń pa ẹnà. Ṣùgbọ́n ẹnà kì í jókòó sílé.

Ní ti ìbéèrè Bàbá, ìdáhùn mi àkọ́kọ́ dé ní ìrọ̀rùn, ó sì dùn mọ́ mi. Lọ́kọ́jà ni a wà, níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, tí Ọ̀wọ́rọ̀, Nupe, Ẹbira, Igala, Hausa àti àwa tí a wá ṣe òwò àti iṣẹ́ ìjọba ti ń kí ara wa láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ta ni nínú wa tí kò yá ọ̀rọ̀? Àjàyí Crowther tí ó bá ọkọ̀ àwọn òyìnbó gòkè dé ìpàdé odò yìí ní 1841 ni ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì wa tí ó parí ní 1884. Ẹ ṣí Bíbélì náà. Àdúrà tí à ń gbà, ẹnu Mùsùlùmí ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wòlíì, láti inú èdè Lárúbáwá ni. Ìwàásù àti àlàáfíà, bákan náà. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu Yorùbá kí míṣọ́nnárì tó dé, Crowther kò sì béèrè ìgbàgbọ́ tí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó bá wí pé kí a fọ ọ̀rọ̀ kí ó tó wọlé, kí ó kọ́kọ́ wá orúkọ mìíràn fún àdúrà. Ọ̀rọ̀ kì í dọ̀tí nítorí ẹnu tí ó ti jáde. Èyí ni mo fẹ́ lọ sọ fún Bàbá, kí n sì padà wálé jẹun.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó lọ, ọkàn mi kò balẹ̀. Àwọn tí a gba àdúrà lọ́wọ́ wọn, a mọ̀ wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ̀gbọ́n ń lọ mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń jẹ ẹran Iléyá pa pọ̀. A yá ọ̀rọ̀ wọn, a sì ń kí wọn. Irú èyí kọ́ ni a ń ṣe sí àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ọba. Àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin ní London ní ẹnà tí à ń pè ní Polari, tí wọ́n kó jọ láti ẹnu atukọ̀, ọlọ́jà àti eléré. Láti 1965 dé 1968, ilé iṣẹ́ rédíò BBC ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan, Round the Horne, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, nínú èyí tí ọkùnrin méjì, Julian àti Sandy, ń fi Polari sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ń gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ náà lè sọ ẹni tí ó ni ẹnà náà sí ẹ̀wọ̀n, títí di 1967 tí wọ́n yí òfin padà ní England àti Wales. Ẹnu kan náà ni ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì ń dá ẹjọ́.

Ẹ má jẹ́ kí a sọ pé òyìnbó ni. Ní January 2014 ni a fọwọ́ sí òfin ti orílẹ̀-èdè wa, tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, àti ọdún 10 lé ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní August 2018, àwọn ọlọ́pàá wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Lagos, wọ́n mú ọkùnrin 57, wọ́n sì kó wọn síwájú àwọn oníròyìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wọn, James Brown, ṣàlàyé níwájú kámẹ́rà pé wọn kò bá òun níbi tí òun ti ń ṣe ohunkóhun. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yẹ̀: "They did not caught me." Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo Nàìjíríà ti ń sọ ọ́. Ọmọ ilé ìwé ń sọ ọ́ fún tíṣà, awakọ̀ ń sọ ọ́ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, gbogbo ẹni tí ó gbọ́ sì rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo àkókò tí a fi ń rẹ́rìn-ín, 47 nínú àwọn ọkùnrin náà ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ó di October 2020 kí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tó dá ẹjọ́ náà nù, nítorí pé àwọn olùpẹjọ́ kò tẹ̀lé e bí ó ti yẹ. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. James Brown fi ọ̀rọ̀ náà di gbajúmọ̀, ó sì jẹ nínú rẹ̀. Àwọn yòókù kò rí nǹkan kan jẹ.

Ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe iṣu. Bí mo bá mú un, kò dín lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, nítorí náà gbèsè wo ni mo jẹ? Mo gbà pé kò dín. Ọmọbìnrin abẹ́ igi máńgòrò kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ìfẹ́ rere ni ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wí, bí Bàbá bá sì bi mí léèrè, n ó ní kí ó máa sọ ọ́ lọ. N kò sì wá síhìn-ín láti tún ẹ̀kọ́ ìjọ kọ lórí ìgbéyàwó. Àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ wà. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn kéré ju ìyẹn lọ, ó sì súnmọ́ ilé. Ǹjẹ́ mo lè gba ohun tí ó dùn lẹ́nu ẹnìkan, kí n sì fi ohun náà gan-an sọ ọ́ ní òkúta?

Mo béèrè nítorí pé mo ti ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan wà ní ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sí ọjà. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìrìn rẹ̀ kò jọ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun mìíràn kò sí tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta fóònù ní ìkọjá ibẹ̀ a máa pariwo lé e lórí pé, "They did not caught me!" ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń kọjá lọ pọn omi, wọ́n á sì tún ní, "Slay queen!" Mo wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà a máa kí mi, "Ẹ káàárọ̀ o, sà," bí ẹni pé kò gbọ́ ẹ̀rín mi. Òun ni ó dín ọwọ́ agbádá tí mo wọ̀ sí ìdúpẹ́ ìkórè, ó sì dín in dáradára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n da omi kòtò sí i lára. N kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, n kò sì mọ ohun tí ǹ bá ṣe bí mo bá wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá rẹ̀ ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Lọ́kọ́jà, òun kò mọ ibi tí ó gbà.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni ó kù tí n kò tíì san fún un lórí agbádá náà. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí n kó o fún òun. N kò tíì kó o fún un, nítorí pé òun kọ́ ni mo jẹ ẹ́.