Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Ni Aládùúgbò Lára

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi oòrùn ṣe àtùpà fún gbogbo ayé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ní ìpàdé ìjọ wa tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mú àbá kan wá pé kí á fi sólà àti gáàsì ìgbẹ́ màlúù rọ́pò jẹnẹrétọ̀ mọ́sálásí. Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn bínú. Wọ́n ní: "Ṣé ìgbẹ́ ni a ó fi tan iná sí ilé Ọlọ́hun?" Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn.

Bí a bá kó ìgbẹ́ ẹran sínú àgbá ńlá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí yóò jẹ ẹ́, gáàsì yóò sì jáde. Gáàsì yìí ni a ń dáná sí láti yí ẹ̀rọ tí ń mú iná mànàmáná wá. Èyí tí ó ṣẹ́kù di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Oòrùn a máa wọ̀, ṣùgbọ́n gáàsì ṣeé tọ́jú di alẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní ti ẹ̀gbin, ilé-ẹ̀kọ́ òfin Imam Malik, tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kò ka ìgbẹ́ ẹran tí jíjẹ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ sí ẹ̀gbin. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Imam Shafi'i kò gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó dé inú gílóòbù kì í ṣe ìgbẹ́, iná ni. Nínú Suratu Nahl, Ọlọ́hun pe àkíyèsí wa sí wàrà mímọ́ tí Ó ń mú jáde láàrin ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ẹran. Ta ni nínú wa tí ó kọ wàrà nítorí ibi tí ó ti wá?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹ̀gbin tí a kò rí. Ìyá kan wà tí ilé rẹ̀ fara kan ògiri wa. Kì í ṣe mùsùlùmí. Ní gbogbo àsùbáà tí jẹnẹrétọ̀ wa bá ń dún, a máa ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ikọ́ ọmọ rẹ̀. Kò bá wa jà rí. Àwa ni kò béèrè. A ń wẹ ẹsẹ̀ wa mọ́ kí á tó wọlé, a sì ń da èéfín sínú ilé ẹlòmíràn. Ànábì wa kọ́ wa pé kí á má ṣe ni ara wa lára. Àlúwàlá wo ni yóò wẹ èyí nù?

A kò ní tan ara wa: sólà gbówó lórí, àgbá gáàsì sì ń fẹ́ kí á máa bọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó kọ́ ọ tí ó sì pa á tì ti fi owó ìjọ ṣòfò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi sólà bẹ̀rẹ̀, kí á sì bá àwọn alápatà sọ̀rọ̀ lórí ìgbẹ́ tí wọ́n ń dà sínú odò. Sàráà tí èrè rẹ̀ kì í tán ni. Ṣùgbọ́n kí oṣù yìí tó parí, ẹ jẹ́ kí á gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri yẹn, kí á sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ìjọsìn wa di ìnira fún ẹnikẹ́ni. Àámín.