Ìkà Òfún àti Ọmọ Tí Ẹ̀rù Iléèwé Ń Bà

Ká ní òbí kan gbéra láti Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ síwájú Ifá. Ọmọ ọdún méje náà kò fẹ́ lọ síléèwé mọ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, inú á máa run ún. Abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ń ṣófo wálé, síbẹ̀ ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú kó tó dé. Ta ni kí òbí yìí bá wí: àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ́ níyà ni, tíṣà ni, àbí orí ọmọ ni?

Ìkà Òfún ni kó dá wa lóhùn. Nínú odù yìí, àwọn àgbà ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn yóò gbó, tí àwọn yóò tọ́. Ifá ka èèwọ̀ mẹ́rìndínlógún sí wọn létí. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ pe ohun tí kì í ṣe èsúrú ní èsúrú. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ já ọ̀pá gbà mọ́ afọ́jú lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́, wọn kò pa á mọ́. Nígbà tí ikú wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, wọ́n fi igbe ta pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́, èèwọ̀ tí wọ́n rú ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a rí dì mú ni pé àgbà ni Ifá bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀pá afọ́jú ni ohunkóhun tí aláìlágbára fi ń rìn láwùjọ. Ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ju oúnjẹ rẹ̀, pẹ́ńsù rẹ̀, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní, àti orúkọ tí wọ́n ń fi pè é láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tó já a gbà jẹ̀bi. Àmọ́ àgbà tó rí i lẹ́ẹ̀kíní, tó tún rí i lẹ́ẹ̀kejì, tó sì dákẹ́, òun ló rú èèwọ̀.

Ti èsúrú ló tún gún mi lára jù. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ lójoojúmọ́, eré ọmọdé là ń pè é. Ìbẹ̀rù là ń pè ní ọ̀lẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, fídíò kan jáde láti Lead British International School ní Àbújá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbá ọmọ ẹgbẹ́ wọn létí léraléra. Ìgbà tí gbogbo ayé rí i ni wọ́n ti iléèwé náà pa fún ọjọ́ díẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀. Iléèwé olówó ńlá ni, owó kò sì fi ojú àgbà síbẹ̀.

Ewu kò sì mọ sínú ọgbà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé Apostolic Faith lọ́nà ní Ẹ̀múré-Èkìtì, nígbà tí wọ́n ń darí lọ sílé, wọ́n sì kó tọmọ-tolùkọ́ wọ igbó. Nílùú òbí wa yẹn, lórí Òkè Ìdànrè, iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1896 ṣì wà nínú ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà. Bí ọmọ bá ké níbẹ̀ láyé ìgbà náà, ará ilé yóò gbọ́. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin gba ojú títì. Ọ̀nà ilé náà ti di ọ̀pá tí ọmọ ń tẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ọmọ náà gbẹ̀san, pé ìyà ló ń sọ ọmọkùnrin di akin. Ìkà Òfún kò ní kí afọ́jú lọ kọ́ ìjà. Ẹni tó ríran ló pàṣẹ fún. Ẹni tó ń fìyà jẹni náà, ọmọ ni. Ẹ wo ilé rẹ̀ àti pàṣán tíṣà rẹ̀, kí ẹ tó pè é ní ìkà.

Àwa náà ti gba èèwọ̀ tiwa. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní 2003, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007. Ó ka ìpalára sí ara àti ọkàn ọmọ léèwọ̀. Bí a kò bá pa á mọ́, kí a má fi ariwo bo ìjọba nìkan, bí àwọn àgbà ìjọ́sí ti fi ariwo bo Ọ̀rúnmìlà.

Ìdáhùn òbí náà rè é: àgbà ni kó bá wí, kó sì bẹ̀rẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ẹ má lọ na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu géètì. Ẹ rí tíṣà kíláàsì, ẹ rí ọ̀gá iléèwé, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé e dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ má tíì béèrè ipò tó gbà ní kíláàsì lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ béèrè ẹni tó bá a jẹun.