Ọrùn Ta Ni Ẹ̀jẹ̀ Wà: Ti Ìbọn Ni, tàbí Ti Ọwọ́ tí ó Dì Í Mú?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará mi sọ lónìí, ẹ̀yin ọmọ Owé, ọmọ Ìyàgbà, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Bùnú àti ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀rọ̀ irin ni, ọ̀nà jíjìn ni yóò sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1976, nígbà tí George Lucas, ará Amẹ́ríkà, ń ya sinimá tí a mọ̀ sí Star Wars nínú aṣálẹ̀ Tùnísíà àti ní Elstree lẹ́bàá ìlú Lọ́ńdọ̀nù, owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó èyí tí a lè fi rọ ìbọn tuntun fún gbogbo ọmọ ogun ayé mìíràn tí ó fẹ́ gbé sójú aṣọ. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí Roger Christian jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ṣe gba ọ̀dọ̀ Bapty lọ, àwọn tí ń yá eléré ní ohun ìjà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì gba ojúlówó ìbọn ogun tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ń gbé kọ́ èjìká ní àkókò náà gan-an, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sterling. Wọ́n gé àpò ọta rẹ̀ kúrú, wọ́n gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn láti inú ọkọ̀ ogun lé e lórí, wọ́n lẹ ike dúdú mọ́ ara irin rẹ̀ tí a dá ihò sí, wọ́n sì fi í lé àwọn ọmọ ogun aláṣọ funfun lọ́wọ́. Nígbà tí sinimá náà jáde ní ọdún 1977, gbogbo ayé gbà pé ohun ìjà ọjọ́ iwájú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá la ojú rẹ̀ dáadáa yóò rí i níbòmíràn nínú rẹ̀ tí èèpo ọta ń ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, nítorí pé ẹ̀tù gidi ni wọ́n ń sun nínú àwọn mìíràn nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi ọta sí i.

Ìbọn yìí kì í ṣe ọmọdé láàrin àwọn irin tí ń pani. George Patchett ni ó gbèrò rẹ̀, Dagenham ni wọ́n ti ń rọ ọ́. Wọ́n dán an wò ní ọdún 1944 nígbà tí ogun Hitler kò tí ì parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á wọlé ní ọdún 1953 dípò ìbọn Sten. Ọta 34 ni ó ń gbé nínú àpò rẹ̀ tí ó yọ sí apá òsì, ó sì rìn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gbé abẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì rí. Ní ọdún 1983 ni ẹ̀kẹta nínú àwọn sinimá Star Wars jáde, tí àwọn ọmọdé ń fi igi gbẹ́ irú ìbọn náà káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1984, ẹni kan yìnbọn Sterling láti ojú fèrèsé ilé àwọn aṣojú Líbíà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa Yvonne Fletcher, ọmọbìnrin ọlọ́pàá ẹni ọdún 25 tí ó wá ṣọ́ ìgboro kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, méjì nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà, kọjú ìjà sí i nínú ọgbà ilé rẹ̀, Sterling tí a fi lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ láti fi dáàbò bò ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi pa á. Irin kan náà ni, orúkọ kan náà. Ohun tí mo ń bi ara mi ni èyí: nígbà tí a bá gé àpò ọta ìbọn kúrú, tí a sọ ọ́ di ohun eré, ṣé ó ti di aláìmọwọ́mẹsẹ̀? Tí kò bá sì di bẹ́ẹ̀, ọrùn ta ni ẹ̀jẹ̀ tí irú rẹ̀ ta sílẹ̀ wà?

Àwọn kan yóò yára dáhùn pé irin kò gbọ́, kò mọ̀, ẹni tí ó fà á ni kí a mú. Ìdáhùn yìí ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n ó yá jù fún àwa tí a jẹ́ Yorùbá, nítorí pé àwọn baba wa kò fi ìgbà kan ka irin sí òkú. Irin ni a ń fi ẹnu kàn nígbà tí a bá ń búra. Àní ní kóòtù ìbílẹ̀ lónìí, ẹni tí kò bá gbé Bíbélì tàbí Kùránì, irin ni ó ń gbé, ojú rẹ̀ kì í sì í fẹlẹ̀ bí ó ti ń gbé e. Ohun tí ó lè gbọ́ ìbúra, tí a sì gbà pé ó lè bá èké jà títí dé inú oko àti lójú títì, a kò lè kàn sọ pé kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bí àwọn baba wa ti tò ó: ipò ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi irin sí, wọn kò fi í sí ipò ọ̀daràn. Nígbà tí Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, ti ojú ogun dé Ìrè, tí ó bá àwọn ènìyàn ní ìjókòó ìdákẹ́jẹ́ nítorí ètùtù tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn níbẹ̀, tí ó gbé agbè ẹmu tí ó bá a ní òfìfo, inú bí i, ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ àwọn ènìyàn ara rẹ̀ lórí títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀. Nígbà tí ó sì mọ ohun tí ó ṣe, kò bú idà, kò sọ pé irin ni ó tan òun, òun fúnra rẹ̀ ni ó wọ ilẹ̀ lọ. Òun tí ó ni irin gan-an kò di ẹ̀bi ru irin. Nínú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú, Àìsáyà rí ọjọ́ tí a ó fi idà rọ ohun èlò oko, Jóẹ́lì sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi ohun èlò oko rọ idà. Àwọn wòlíì méjèèjì sọ òótọ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni irin ń lọ tí ó sì ń bọ̀, kò sì sí ìgbà kan tí a bi í léèrè ibi tí ó wù ú láti lọ.

Ẹlẹ́rìí kì í sì í di ohun ìṣeré. Nígbà tí àgbà ọdẹ bá papò dà ní Kàbà níhìn-ín tàbí ní abúlé tí ó yí i ká, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a kó ṣakabùlà jáde, wọn a ki ẹ̀tù sínú rẹ̀ láìfi ọta sí i, wọn a sì yìn ín sókè léraléra títí òkè yóò fi dáhùn. Ariwo wà níbẹ̀, èéfín wà níbẹ̀, ikú nìkan ni a yọ kúrò. Síbẹ̀ n kò rí ọdẹ gidi kan, bí ó ti wù kí ẹmu pọ̀ tó níbi ìsìnkú náà, tí í kọ ẹnu irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ènìyàn. Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú ìwà yẹn, ẹ̀sìn ni mo kà á sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ní New Mexico ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń múra sinimá kan tí a pè ní Rust, ìbọn tí a gbé lé òṣèré lọ́wọ́ fún eré ní ọta gidi nínú láìjẹ́ pé ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ó sì pa Halyna Hutchins, obìnrin tí ń bójú tó àwòrán yíyà wọn. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti gbà lọ́kàn ara wọn pé eré ni. Irin kò bá wọn dá májẹ̀mú náà.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín mọ ọ̀ràn yìí ju bí ìwé ti lè kọ́ ni lọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò kó, nígbà tí ohun tí a fi ń san án bá sì tán, ọmọ bíbí inú ẹni ni wọ́n ń gbà. Òkè àti àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá gùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Royal Niger Company, tí George Goldie kó wá láti Lọ́kọ́ja, gbé ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim wọ Kàbà. Àwọn jagunjagun Núpé tí wọ́n pàgọ́ síhìn-ín ti kó kúrò kí wọ́n tó dé, a sì kéde fún ìlú pé a ti bọ́ lọ́wọ́ Bídà. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù náà, ìbọn yẹn kan náà àti àgbá wó ogun Bídà palẹ̀ níwájú odi ìlú wọn. Ṣé a yọ̀? A yọ̀, ó sì tọ́ kí á yọ̀, nítorí ẹni tí a tú okùn lọ́rùn rẹ̀ kì í kọ́kọ́ bèèrè orúkọ ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́ta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yẹn, tí Kàbà sì di ara Àríwá Nàìjíríà láìsí ẹni tí ó bi wá ní ìbéèrè kan. Ìbọn tí ó tú wa sílẹ̀ ni ó jókòó lẹ́yìn ìwé tí ó tún wa dì. Ohun tí ó sì máa ń wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn náà ni pé àwọn tí ó gbé ìbọn wọ̀nyẹn, tí wọ́n lé díẹ̀ ní 500, ọmọ adúláwọ̀ bí i tiwa ni wọ́n, Haúsá àti Yorùbá nínú wọn. Kí ni ọmọ Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn ìbọn Maxim ní Bídà rò nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú? Bóyá ó rò pé òun ń gbẹ̀san. Bóyá ó rò pé iṣẹ́ ni a rán òun.

“Iṣẹ́ ni a rán mi”: ọ̀rọ̀ yìí ni àpò tí ẹ̀jẹ̀ máa ń sá sí. Ẹni tí ó yìnbọn sọ pé ọ̀gá ni ó pàṣẹ, ọ̀gá sọ pé òun kò fọwọ́ kan ìbọn, ìbọn kò sì lè fọhùn. Yorùbá ti fèsì fún wọn tipẹ́ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo rí òwe yìí lójú aṣọ sinimá ní ọ̀nà tí n kò retí. Nínú sinimá Star Wars tí ó jáde ní ọdún 2015, The Force Awakens, ọmọ Yorùbá kan ni ó wọ aṣọ funfun ọmọ ogun náà: John Boyega, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ John Adédayọ̀ Bámidélé Adégbóyèga, tí a bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1992, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ oníwàásù. Ẹni tí ó ṣe nínú eré náà, wọ́n jí i gbé lọ́mọdé kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà pè é dípò orúkọ, wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà fún kìkì ogun. Ìbọn tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ìrísí Sterling àtijọ́ yẹn ni ó ṣì gbé. Wọ́n kó wọn wọ abúlé kan, wọ́n kó àwọn ará abúlé tí kò ní ohun ìjà jọ, a pàṣẹ, gbogbo ìbọn dún; tirẹ̀ kò dún. Ọmọ tí a jí gbé, tí a kò fún ní orúkọ, ni ó jẹ́ iṣẹ́ ẹrú ní ti ọmọ. Nígbà tí mo wò ó, àwọn ọmọ wa tí a kó lọ sí Bídà ni mo rántí, tí wọ́n tọ́ àwọn mìíràn nínú wọn dàgbà fún ogun ẹlòmíràn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀run àti ìràwọ̀ rárá.

Ẹnìkan lè já mi ní koro pé ọmọ yìí kan náà, kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó jókòó sẹ́yìn àgbá ọkọ̀ òfurufú, ó sì yìn ín lu àwọn tí wọ́n jọ jẹun lánàá. Òótọ́ ni, n kò sì fẹ́ kí a fojú fò ó. Ohun tí ó kọ̀ kì í ṣe irin. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí irin ti ọwọ́ òun wọ ara ẹni tí kò gbé nǹkan kan dání. Ìyàtọ̀ yìí tín-ín-rín, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni gbogbo ìwà ọmọlúàbí ọdẹ àti jagunjagun dúró lé. Ní èrò tèmi, ẹ̀jẹ̀ kì í pín láàrin ọ̀gá àti ìránṣẹ́ débi pé tẹnìkan yóò fúyẹ́ nítorí ti èkejì: odindi ni ó wà lọ́rùn ẹni tí ó pàṣẹ, odindi ni ó sì tún wà lọ́rùn ẹni tí ó fà á. Irin dúró láàrin àwọn méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó rí ẹni tí ó fà á, ó sì rí ẹni tí kò fà á.

N kì bá tí kọ gbogbo èyí bí kì í bá ṣe ohun tí ojú wa ń rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà lóru, wọ́n pa nínú àwọn tí ń ṣọ́ ọ, ẹlẹ́wọ̀n 240 sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà wa, oko ti ń di igbó nítorí ìbẹ̀rù, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn lé àwọn ọdẹ àti ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́wọ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ìlú. N kò lòdì sí i. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé ìbọn náà lé wọn lọ́wọ́, mo bẹ ẹ̀yin ọba wa, láti orí Ọbaró ti Kàbà títí dé orí baálẹ̀ abúlé tí ó kéré jù, àti ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ mú wọn lọ síwájú irin, ẹ jẹ́ kí Kìrìsìtẹ́nì inú wọn gbé Bíbélì mọ́ ọn, kí Mùsùlùmí gbé Kùránì, kí ìbúra wọn má sì mọ sí pé wọn yóò gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n búra pé bí ọ̀gá bá pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ìbáà ṣe àlejò, ìbáà ṣe darandaran, ìbáà ṣe olè tí a ti dì tọwọ́tẹsẹ̀, wọn yóò kọ̀. Kí ìlú náà sì búra padà fún wọn, níwájú irin kan náà, pé ẹni tí ó bá kọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì yóò gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, a kì yóò sì pè é ní ojo.