Ipa Tí Wọ́n Fún Wa Ṣe

Ìbéèrè kan ń jẹ wá lọ́kàn. Bí ènìyàn bá wà ní ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí yóò bọ́ ọ ṣùgbọ́n tí ó ń tàbùkù àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣé kí ó gbà á ni, tàbí kí ó febi sùn?

Orlando Martins ni ó mú un wá sí wa lọ́kàn. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1899. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ja ìjàkadì fún owó, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni Black Butcher Johnson. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n fún ọmọ Èkó! Lẹ́yìn náà ni fíìmù dé. Ní 1935 ó ṣe ipa kékeré nínú Sanders of the River. Paul Robeson tí ó jẹ́ òṣèré pàtàkì níbẹ̀ kábàámọ̀ fíìmù náà, nítorí pé ó gbé ìjọba amúnisìn lárugẹ. Ní 1946, Martins ṣe Magole, oníṣègùn abàmì tí ń dẹ́rù ba ìlú, nínú Men of Two Worlds. Ní 1949 ó ṣe Blossom nínú The Hasty Heart, ọmọ ogun tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù ni! Ronald Reagan tí wọ́n jọ ṣe fíìmù náà di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981.

Àwọn kan nínú wa ní ó ta wá. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni ìbá fún un ní ipa ọba nígbà náà? Ó padà sílé ní 1959, ó sì wà nínú Kongi's Harvest ní 1970, kí ó tó kú ní 1985.

Ẹ̀yin tí ẹ rántí fíìmù kaboi, Jay Silverheels, ọmọ ẹ̀yà Mohawk láti Kánádà, ni ó ṣe Tonto nínú The Lone Ranger lórí tẹlifíṣàn, láti 1949 sí 1957. Gẹ̀ẹ́sì wúruwùru ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ó dá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní eré ṣíṣe sílẹ̀. Èyí wọ̀ wá lára ju ẹjọ́ lọ.

Nítorí àwa náà ṣe ipa. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ wa, "Ńgbàtí" ni wọ́n ń pè wá. A rẹ́rìn-ín. A tilẹ̀ fi kún un: a máa ń fa ohùn, a máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá lọ́nà àwàdà, torí pé ẹni tí ń pani lẹ́rìn-ín kì í tètè ní ọ̀tá. Ó sì ṣe wá láǹfààní, a kò ní purọ́. Lọ́jọ́ kan ọmọ wa tẹ̀lé wa dé ọ́fíìsì, ó sì rí wa lẹ́nu eré náà. Nígbà tí a délé ó ní, "Bàbá, ṣé bí àwa Yorùbá ṣe rí nìyẹn?"

Kò sí ẹni tí ó fipá mú wa. Ẹ̀bi náà, tiwa ni.

A ti fi àwàdà náà sílẹ̀. Ẹnì kan bi wá bóyá inú ń bí wa, a ní rárá. Ọmọ náà kò tún béèrè mọ́, ṣùgbọ́n a ṣì jẹ ẹ́ ní èsì.