Amaana Inú Fóònù Akápò



Akápò tó root fóònù rẹ̀ ti gba àṣẹ tí àwọn tó ṣe fóònù náà kò fún un. Fóònù rẹ̀ ni, n ò ní kò tọ́. Ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ ni Android fún áàpù kọ̀ọ̀kan, root sì ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo yàrá. Áàpù tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yìí lè wọ yàrá ti báǹkì. Nítorí rẹ̀ ni áàpù báǹkì púpọ̀ kì í fi í ṣí lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á wá fi Magisk, tó jáde ní 2016, bo root náà kí báǹkì má baà mọ̀.

Ibí yìí ló dùn mí. Ẹni tó ń tan olùṣọ́ jẹ kó lè wọlé, owó ta ló gbé dání? Ọgọ́rùn-ún náírà tí ìyá oníṣu dá ń bẹ níbẹ̀! Suuratu Nisaai, aaya 58, ti sọ ọ̀rọ̀ àgbàfipamọ́ di àṣẹ lé wa lórí.

Akápò, wá fóònù mìíràn tí a kò root fún owó ẹgbẹ́. Bí kò bá sí, sọ fún wọn ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n fi í sọ́wọ́ ẹlòmíràn.