Ṣé Ó Tọ́ Kí A Ṣẹ́ Kèké Lórí Oògùn Ẹni Tí Ikú Ń Bọ̀ Wá Bá?

Bí ọkùnrin kan bá ní àrùn jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá, tí àrùn náà ti tàn dé ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, tí gbogbo oògùn tí dókítà mọ̀ kò sì ràn án mọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a sọ fún un pé oògùn tuntun kan wà, ṣùgbọ́n kèké ni yóò sọ bóyá yóò rí i lò? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlọ́. Láàárín oṣù kẹrin ọdún 2010 sí oṣù kẹta ọdún 2011, a gbé e síwájú àwọn aláìsàn ní orílẹ̀-èdè 16. Àwọn 760 ni wọ́n wọ inú ìdánwò náà. Regorafenib ni orúkọ oògùn tí wọ́n fẹ́ dán wò. Kèké mú àwọn 505 sí ọ̀dọ̀ oògùn, ó mú àwọn 255 yòókù sí ọ̀dọ̀ hóró tó jọ oògùn náà lójú ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú. Gbogbo wọn ni wọ́n ń gba ìtọ́jú ìrora, ṣùgbọ́n aláìsàn kò mọ èyí tó bọ́ sí òun lọ́wọ́, dókítà rẹ̀ náà kò sì mọ̀.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwà ìkà gbáà nìyí. Ta ni yóò gbé àwo òfìfo síwájú ẹni tí ebi ń pa kú lọ? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà gún ọkàn. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kèké kọ́ ni ìkà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ ni ìkà, irọ́ náà kò sì jìnnà sí àwa fúnra wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo kèké. Àwọn kan yóò ní, “Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ẹ fún gbogbo wọn ní oògùn tuntun náà, kí ó lè ṣe ohun tó bá lè ṣe.” Ọ̀rọ̀ yìí dára bí a bá ti mọ̀ pé oògùn náà yóò ṣe aláìsàn lóore. Bí a kò bá tíì mọ̀ ńkọ́? Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àwọn dókítà ṣe ìdánwò kan tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Aláìsàn 755 ni wọ́n lò, tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọn ti tàn káàkiri ara. Wọ́n fún ìlàjì wọn ní oògùn tí àwọn ènìyàn ti ń lò tẹ́lẹ̀, bevacizumab sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi cetuximab kún ti ìlàjì kejì. Oògùn méjèèjì yìí ti ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ta ni kò ní rò pé bí a bá pa wọ́n pọ̀ yóò sàn jù? Ṣùgbọ́n àwọn tí a fi kún tiwọn ni àrùn tètè padà gbógun tì. Nǹkan bí oṣù 9.4 ni wọ́n fi ní ìsinmi, àwọn yòókù ní oṣù 10.7. Bí kò bá sí kèké, àwọn dókítà ìbá máa fi àánú ṣe aláìsàn léṣe, aláìsàn ìbá sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Regorafenib ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ṣiṣẹ́ tó. Bí a bá to àwọn aláìsàn ní ẹsẹẹsẹ, ẹni tó wà láàárín gbùngbùn lára àwọn tó lo oògùn lo oṣù 6.4 láyé; lára àwọn tó gbé hóró asán mì, oṣù 5.0 ni. Kò tó oṣù kan àtààbọ̀. Nínú àwọn 100 tó lo oògùn, 93 ni ó yọ lẹ́nu: àárẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń bó. Nínú àwọn 100 tó wà níhà kejì, 61 ni. Nígbà tí àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò náà rí i pé oògùn ń fi ẹ̀mí gùn, wọ́n ní kí a tú àṣírí kèké, kí àwọn tó wà lórí hóró asán náà lè rí oògùn lò.

Ṣé oṣù kan àtààbọ̀ tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ jìyà? Ìyá kan lè fẹ́ ẹ nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Bàbá kan lè sọ pé òun fẹ́ràn kí òun jókòó sí ìta ilé òun pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò bó. Kò sí ẹni tó lè wọn èyí fún wọn, nítorí ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ òtítọ́: orúkọ àìsàn wọn, ibi tó dé, pé hóró asán lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àti pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìdánwò náà yóò ṣe lóore jù.

Ibi tí òtítọ́ bá ti kúrò, ìwádìí di ìwà ọ̀daràn. Ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1932 títí di 1972, ìjọba ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tó ní àrùn rẹ́kórẹ́kó tí a ń pè ní syphilis. Wọ́n kàn sọ fún wọn pé “ẹ̀jẹ̀ burúkú” ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí penicillin dé, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń wo àrùn náà, wọn kò fún wọn. Kò sí kèké níbẹ̀, kò sì sí àìmọ̀. Irọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Nítorí irú nǹkan báyìí ni Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 fi sọ pé ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́ fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ gbọ́ àlàyé oore àti ewu rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ síwèé.

Ó rọrùn láti bú àwọn ará Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń ṣe nínú pálọ̀ wa? Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ àgbàlagbà jáde, jẹ̀díjẹ̀dí la máa ń pè é, a ó sì wá àgbo. Bí dókítà bá ní jẹjẹrẹ ni, ìta ni a ó ti gbọ́ ọ, a ó nu ojú, a ó wọlé padà lọ bá aláìsàn, a ó ní, “Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan. Oṣù méje gbáko ni gbogbo ilé fi mọ ohun tó ń pa á, àfi òun nìkan. Ó ń ra àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ fún ilé tí kò ní parí. Lọ́jọ́ kan, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, “Kí ló dé tí gbogbo yín fi ń wò mí báyìí?” Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí nǹkan. Bí ẹnì kan bá gbé ìdánwò oògùn wá bá a, kò ní lè wọ̀ ọ́, kò sì ní lè kọ̀ ọ́, nítorí orúkọ àìsàn rẹ̀ kò dé etí rẹ̀ rí.

Àwọn àgbà yóò dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ a máa pa ènìyàn ṣáájú àìsàn. Èmi náà mọ̀ pé òtítọ́ korò, àti pé a kì í sọ ọ́ bí ẹni sọ òkò. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó mọ bí a ti ń túfọ̀ ọba, tó mọ bí a ti ń fi òwe gbé ọ̀rọ̀ wúwo kalẹ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ bí a ti ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ mọ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló yàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí wa mọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ bàbá ẹnì kan nínú wa bóyá ó fẹ́ kí a ṣẹ́ kèké pẹ̀lú òun. Mo fẹ́ kí bàbá náà ti mọ ohun tó ń ṣe é kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.