SO RÀKÚNMÍ RẸ KÍ O TÓ GBÁRA LÉ ỌLỌ́HUN



 



Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdírì, tí ẹ ń wá àyè sí yunifásítì, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lóṣù yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá mi, wọ́n sì mú sáárà dání. Ìyá ní, "Àáfà, ẹ bá wa ṣàdúà. Iṣẹ́ dókítà ni ọmọ yín fẹ́ lọ kọ́." Mo ṣàdúà, a ṣe àmín, wọ́n lọ. N kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìgbà tó yá ni mo tó gbọ́ pé ìyá náà ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti san owó "mírákù sẹ́ńtà", níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún àwọn tó ń ṣèdánwò. Èsì náà jáde, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ dé iwájú ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, kò mọ ohunkóhun. Àyè kò sí, ẹ̀rọ ìránṣọ sì ti lọ. Ọmọ náà wí fún mi pé, "Àáfà, èsì ara mi ń bà mí lẹ́rù." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ó yẹ kí n ti bi í léèrè kí n tó tẹ́wọ́ àdúà.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ rántí ará oko tó bi Ànábì wa bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso, kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó kọ́kọ́ so ó, kí ó tó wá gbára lé Ọlọ́hun. Àdúà kì í ṣe àrọ́pò okùn. Kí wá ni okùn ẹni tó ń wá yunifásítì?

Okùn kìíní ni kí o mọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń béèrè. Ìdánwò JAMB jẹ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin, máàkì 400 ni gbogbo rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà gbọ́dọ̀ fi Biology, Chemistry àti Physics kún un. Bí o bá ṣi ẹ̀kọ́ yàn, máàkì rẹ ìbáà ga bí òkè, kò ní wúlò fún ohun tí o fẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, kì í sábà wo ẹni tí kò fi òun ṣe àkọ́yàn, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń béèrè ó kéré tán 200 kí ènìyàn tó lè wọ ìdánwò tirẹ̀. Ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, òfin pín àyè báyìí: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó gba máàkì jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àǹfààní ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àǹfààní kì í dúró de ẹni tí kò múra.

Okùn kejì ni iṣẹ́. Ẹ wo àwọn ọmọ kéú ní Sábó wa, bí wọ́n ti ń gbé wàláà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń kà á lákàtúnkà títí yóò fi wọ orí, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ nù kọ òmíràn. Ìwọ tí o ti há súrà lọ́nà yìí, kí ló dé tí o fi ní Chemistry le? Mú sílábọ́ọ̀sì JAMB, pín in bí ojú wàláà. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni kí o kàwé, nígbà tí ọpọlọ tutù. Kọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, nítorí láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà.

Okùn kẹta ni òdodo orúkọ àti ọjọ́ orí. Ọmọ wa kan a jẹ́ Rasheed nílé kéú, Rasidi ní WAEC, Rashidi nínú ìwé NIN. Ẹ tètè lọ tún un ṣe kí ó tó di ìdíwọ́. Ẹ má sì dín ọjọ́ orí kù, nítorí irọ́ tí a bá fi wọlé ni a ó máa ru kiri.

Ní ti mírákù sẹ́ńtà, haraamu ni. Ànábì wa ti ya ara rẹ̀ kúrò lára ẹni tó ń ṣe màgòmágó. Dókítà tó jí èsì, ta ni yóò gbé ìyá rẹ̀ lé lọ́wọ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ pé ti obìnrin yàtọ̀. Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tó kú ní 1864, jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ó sì kó àwọn obìnrin jọ ní Sókótó láti kọ́ obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ìwé yóò gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ. Ní 1954 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé dá ẹgbẹ́ MSSN sílẹ̀ ní Èkó kí wọ́n lè di ìmọ̀ àti ẹ̀sìn mú pọ̀. Lateef Adégbìtẹ̀, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, di amòfin ńlá, kò sì sọ ẹ̀sìn nù.

Bí o bá wá so gbogbo okùn yìí tán tí àyè kò sì jáde, má bọ́hùn. Ìbàdàn nìkan kọ́ ni ọ̀nà. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àti pólì náà wà. Ọdún tó ń bọ̀ pẹ̀lú wà. Ohun tí o mọ̀ kò lè sọnù, èsì tí o sì fi òdodo gbà kò ní bà ọ́ lẹ́rù láé.

Láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ tó bá wá gba àdúà lọ́dọ̀ mi yóò kọ́kọ́ fi ìwé tó ń kà hàn mí. Lẹ́yìn náà ni a ó jọ tẹ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní, kí Ó fi halaali tó wa. Aamiin.